Abẹ́ Ọ̀dà Ni Iṣẹ́ Wà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó kun àga mọṣẹ́, ẹ má ṣe dúró lọ́ọ̀ọ́kán wo àga náà. Ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè fẹ̀gbẹ́ gba ojú rẹ̀ kọjá. Gbogbo ohun tí ìkánjú fi pamọ́ ni yóò yọjú: ipa sáńpépà tó dábùú ìrìn igi, ihò ìṣó tí wọn kò dí kún, ibi tí ọ̀dà ti ṣàn kó tó gbẹ. Ọ̀dà kì í bo àlébù mọ́lẹ̀. Bó bá ṣe ń dán tó ni yóò ṣe máa tú àlébù síta tó. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀gá mi fi gbà mí wọṣẹ́ ní Ilo-Awela, òun náà ni mo sì gbé dé orí jìtá oníná tí àwọn èèyàn mọ̀ mí mọ́ lónìí.

Ilo-Awela ò jìnnà sí Toll Gate ní Ọ̀tà, ní àgbègbè tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti kún inú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ sí ni wọ́n ti ń ra bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti àga. Ìdí nìyẹn tí káfíńtà àti sípíréyà ò fi wọ́n ládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló gbé igi kíkùn wá sí Ọ̀tà. Àwọn Àwórì onílùú ti ń gbẹ́ ère igi fún ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n sì ti ń kùn ún láwọ̀ mèremère, kí ọ̀nà Ìdírokò tó di ọ̀nà ọkọ̀ àjàgbé. Ní 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Bí ọmọṣẹ́ kan bá fojú kékeré wo iṣẹ́ wa, àwọn agbẹ́gilére yẹn ni ọ̀gá máa ń tọ́ka sí: “Àwọn tó kun igi ṣáájú yín nílùú yìí ò ní kọ́ńpírẹ́sọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ní.”

Bàbá mi ló mú mi lọ síṣẹ́. Ẹlẹ́rìí dúró, a buwọ́ lu ìwé àdéhùn, ọ̀gá ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì ní kí n gbé ìgbálẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí n tó fọwọ́ kan gọ́ọ̀nù tí a fi ń fọ́n ọ̀dà. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé láàárọ̀, kí n gbálẹ̀, kí n wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde, kí n sì tú omi inú táǹkì kọ́ńpírẹ́sọ̀ dànù. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ yẹn ń fà wọlé ní ọ̀rinrin nínú. Bó bá tutù, ọ̀rinrin náà á di omi sí ìsàlẹ̀ táǹkì, bí a ò bá sì tú u, gọ́ọ̀nù á tu ú sínú ọ̀dà. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló jọ lójú ẹni tí kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa ọ̀dà ni. Òfin ìpara náà tún wà. Ẹni tó bá fi ìpara pa irun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi tí a fẹ́ kùn kó tó fọ ọwọ́ náà dáadáa. Bí òróró bíńtín bá ti kan igi, ọ̀dà á sá kúrò níbẹ̀, á dá ihò roboto roboto sílẹ̀, èyí tí ọ̀dà mìíràn kò ní lè bò.

Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni sáńpépà kàn. Nọ́ńbà ló wà lẹ́yìn rẹ̀: 80 rí ṣákaṣàka, ó ń jẹ igi, 120 àti 180 ń tún ibi tí 80 jẹ ṣe, 320 àti 400 wà fún orí sílà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dí ojú igi, láti 800 lọ sí 2000, inú omi la ti ń lò wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fo nọ́ńbà. Ẹni tó bá ti orí 80 bọ́ sórí 320 á gbo ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, ipa 80 á ṣì wà níbẹ̀. Ìrìn igi la sì gbọ́dọ̀ tọ̀, a kì í dábùú rẹ̀. Ọ̀gá kì í jẹ́ ká fi ìka lásán di sáńpépà mú, torí ìka á máa gbẹ́ kòtò síbi tó bá ti tẹ̀ jù. Ègé pákó tó tẹ́jú la máa ń fi sáńpépà wé, kí ojú igi lè tẹ́jú bíi tirẹ̀.

Bí mo bá rò pé mo ti parí, ọ̀gá á wá, á di ojú, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú pákó náà lọ gbá a bọ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á fi chalk yí ibì kan ká, á kọjá lọ. Bí mo bá wo inú àmì náà, n kì í rí nǹkan kan. “Má wò ó,” ló máa ń wí, “fọwọ́ gbọ́ ọ. Ojú máa ń parọ́ fún èèyàn.” Oṣù ń gorí oṣù, chalk ò kúrò lórí iṣẹ́ mi. Lọ́jọ́ kan, mò ń gbo ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan, ọwọ́ mi dúró fúnra rẹ̀. Òkè kékeré kan wà níbẹ̀ tí ojú mi ò rí, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi gbọ́ ọ. Mo gbo ó kúrò kí ọ̀gá tó dé. Ó gbá ojú ìlẹ̀kùn náà títí, ó dá chalk padà sápò, ó lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sanwó fún mi lọ.

Igi kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Ìrókò le, ó sì ní òróró nínú, a gbọ́dọ̀ fi tínà, omi tí a fi ń po ọ̀dà, nù ún kí ọ̀dà tó lè dì í mú. Ojú ihò ọ̀gànwó ṣí sílẹ̀. Bí a ò bá fi fílà dí i, ọ̀dà á máa rì síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú rẹ̀ á wá rí págunpàgun. Arère fúyẹ́, ó sì rọ̀. Èékánná lásán lè ta á. Àfàrà rọrùn láti gbo, ó sì ń gba ọ̀dà wọlé dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ MDF máa ń mu ọ̀dà ṣáá ni, ó di ìgbà tí a bá fi sílà pa á lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kó tó yó. Ọmọṣẹ́ àgbà kan nínú ṣọ́ọ̀bù wa ló jókòó tì mí, tó kó èékù igi jọ, tó ní kí n máa fi ọwọ́ àti imú dá wọn mọ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyàwó ọ̀gá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá wa, ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń po àwọ̀. Ojú ìyá yìí mú. Bí oníbàárà bá mú ègé aṣọ kọ́tíìnì wá pé òun fẹ́ kí àga òun bá a mu, Ìyá wa á bẹ̀rẹ̀ sí í po. Kì í ṣe nínú agolo ló ti máa ń dá a lẹ́jọ́. Á fi igi kán an sórí pákó, á jẹ́ kó gbẹ, torí àwọ̀ tútù àti àwọ̀ gbígbẹ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó kọ́ mi pé bí funfun bá ń fà sí pípọ́n, ẹ̀kán búlúù kan ṣoṣo ló máa pa pípọ́n yẹn. Ẹ̀kán méjì ti pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ tó le jù lọ nínú iṣẹ́ ọ̀dà àga, ìyẹn ọ̀dà tó lè gun èkejì. Ọ̀dà olóróró tí a fi ń kun ìlẹ̀kùn àti géètì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ dénú. Lákà NC tí a fi ń kun àga, tínà ló fi ń rìn, kíá ló sì ń gbẹ. Bí a bá da lákà lé ọ̀dà olóróró lórí, tínà inú rẹ̀ á wọ ìsàlẹ̀ lọ, á rọ ti tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì súnkì, á ká jọ. Ọ̀gá ní pákó kan tó so mọ́ ògiri, tó fi oríṣiríṣi ọ̀dà kùn ní ìpele ìpele. Orí pákó yẹn la ti rí èyí tó gba ara wọn àti èyí tó bára wọn jà. Ẹni tí kò bá mọ pákó yẹn lórí kò ní gba gọ́ọ̀nù.

Nígbà tí mo gba gọ́ọ̀nù nígbẹ̀yìn, omi ni wọ́n rọ sínú ìkòkò rẹ̀. Mò ń fi omi kun páálí tó dúró ti ògiri. Ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan tí a là gbàgà ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹnu gọ́ọ̀nù àti igi. Ọrùn ọwọ́ kì í tẹ̀. Apá lódindi ló ń rìn láti èjìká. A ó ti fa ìfà rẹ̀ kí ó tó dé etí igi, a ò sì ní tú u sílẹ̀ àfi tó bá ré etí kejì kọjá. Ìrìn kọ̀ọ̀kan á gun ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ó ṣe rọrùn lẹ́nu tó yẹn, apá mi ń gbọ̀n, ọrùn ọwọ́ mi ń tẹ̀, àárín ń nípọn, etí ń fẹ́lẹ́. Nígbà tí a kúrò lórí omi bọ́ sórí ọ̀dà, ìkánjú mi tún ń jẹ́ kó ṣàn. Ọ̀gá á ní kí n dúró kó gbẹ, kí n gbo ó kúrò, kí n tún un kùn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; èyí tí a bá fi agbára mú ló ń nini lára.

Etí ló bá mi yanjú ìṣòro náà nígbẹ̀yìn. Mo ṣàkíyèsí pé ohùn gọ́ọ̀nù máa ń yí padà bí ọ̀dà bá ki jù, bí afẹ́fẹ́ bá dínkù, tàbí bí ìkòkò bá fẹ́ tán. Láti ìgbà náà, n kì í dúró dìgbà tí ìjàǹbá bá hàn lórí igi kí n tó ṣàtúnṣe. Ohùn ẹ̀rọ ń kìlọ̀ fún mi.

Ojú ọjọ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Nígbà òjò, bí a bá fi lákà sípíréè láàárọ̀ kùtùkùtù, ojú rẹ̀ á funfun, á ṣú. Tínà tó ń fò lọ máa ń mú ojú igi tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì di omi síbẹ̀, lákà á dì í mọ́nú. Nítorí náà, a máa ń dúró kí oòrùn gòkè, tàbí ká da tínà tí kì í tètè gbẹ mọ́ ọn. Nígbà ọyẹ́, ọ̀dà á ti gbẹ láàárín gọ́ọ̀nù àti igi, á wá dà bí iyanrìn lọ́wọ́, eruku ọkọ̀ àjàgbé á sì parí ìyókù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ́n omi sílẹ̀.

Ìkọ́ṣẹ́ mi ti ń lọ sópin nígbà tí jìtá dé. Ìlú onígbàgbọ́ ni Ọ̀tà. Ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn Faith Tabernacle wà, tí ìjọ Winners ṣí ní 1999, tó ní àyè fún 50,000 èèyàn. Ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké náà kún gbogbo òpópónà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a rí èyí tí kò ní oníjìtá. Ọ̀kan nínú àwọn oníjìtá yẹn, tí a ti kun pẹpẹ àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rí, gbé jìtá oníná dúdú kan wá. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí níbi bẹ́líìtì, ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, nǹkan kan sì ti ta á láyà. Ó ní kí a bá òun kùn ún ní funfun bíi ti pẹpẹ náà. Ọ̀gá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, “Igi ni,” ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo ti kọ́ ohun púpọ̀ nípa jìtá láti ìgbà náà, ohun tí mo sì kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀dà wa kì í ṣe ohun àbùkù lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà, tó gbé jìtá Stratocaster jáde ní 1954, ọ̀dà ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ DuPont ṣe ló ń lò nígbà náà láti fi kun àwọn jìtá aláwọ̀ àrà ọ̀tọ̀. Àwọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní Fiesta Red, ara ọkọ̀ Ford ló ti wá. Búlúù Lake Placid, ara Cadillac. Duco, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dà DuPont yẹn, nitrocellulose ni, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú NC tó wà nínú gálọ́ọ̀nù wa. Igi wa pàápàá ti débẹ̀: nígbà tí ilé-iṣẹ́ Gibson ṣe jìtá Flying V ní 1958, àfàrà tó ti Áfíríkà lọ ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, orin Ebenezer Obey, oníjìtá tí wọ́n bí ní Idogo níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1942, ló ń kọ lórí rédíò bí a ṣe ń gbo igi. Jìtá ti wà létí wa tipẹ́ kó tó dé ọwọ́ wa.

Kí n tó tú ìdè kan, ọ̀gá ní kí n ya àwòrán bí gbogbo wáyà inú rẹ̀ ṣe so. Ìdè ọrùn lọ sínú ọ̀rá kan, ti bíríìjì sínú òmíràn, ti pẹlẹbẹ iwájú sínú ẹ̀kẹta, mo kọ orúkọ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yọ ọrùn, mo yọ píkọ́ọ̀pù, ó wá ku igi nìkan. Mo fẹ́ ṣí ọ̀dà àtijọ́ kúrò pátápátá, ọ̀gá sì dá mi dúró. Ọ̀dà ilé-iṣẹ́ tó wà lára ọ̀pọ̀ jìtá òde òní nípọn, ó le, oògùn tí a fi ń ṣí ọ̀dà kì í ràn án. Ó ní ibi tó bá ti di igi mú ṣinṣin, ìpìlẹ̀ tí a kò sanwó rẹ̀ ni. Mo fi bíléèdì yọ gbogbo ibi tó ti ṣí títí dé ibi tó ti lẹ̀, mo fi 180 gbo etí rẹ̀ títí ọwọ́ kò fi mọ ibi tó parí sí, mo sì fi 320 pa dídán gbogbo ara rẹ̀, kí ọ̀dà tuntun lè rí ibi dì mú. Ibi tó ta, mo fi bọ́dífílà àti háádínà díẹ̀ dí i, mo gbo ó. Lẹ́yìn náà ni sílà, lẹ́yìn sílà ni 400.

Àga kò ní ibi kan tí jìtá ní: kòtò tí ọrùn rẹ̀ máa ń jókòó sí. Bí ọ̀dà bá nípọn níbẹ̀, ọrùn ò ní jókòó bó ṣe yẹ, okùn á ga tàbí kó lọ sílẹ̀. Mo fi másíkìn téèpù bo kòtò náà, mo sì fi ìdè de ègé igi gígùn kan mọ́ ibẹ̀. Igi yẹn di ọwọ́ tí mo fi ń yí jìtá láì fọwọ́ kan ara rẹ̀, òun náà ni mo sì fi gbé e kọ́ kó gbẹ. Ìyá wa po funfun, ó kán búlúù kan sí i. Mo fi aṣọ tinrín sẹ́ ọ̀dà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, mo wọ inú kọ̀rọ̀ ibi ìwo rẹ̀, mo wá fi ojú rẹ̀ parí. Àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, igi ṣì ń hàn lábẹ́. Mo dúró kó gbẹ kí n tó kun èkejì, títí funfun fi dọ́gba, kí n tó fi lákà tí kò láwọ̀ bò ó.

Lẹ́yìn èyí, sùúrù ló kù. Lákà á gbẹ lójú ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Tínà á ṣì máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, lákà á sì máa fẹ́lẹ́ sí i. Ẹni tó bá gbo ó kó tó gbẹ dénú, ìlà sáńpépà á tún jáde lẹ́yìn tó bá ti dán tán. Imú la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá gbé imú sún mọ́ kòtò ibi píkọ́ọ̀pù tí mo sì ń gbọ́ òórùn tínà, mo mọ̀ pé kò tíì tó. Oníjìtá náà wá títí, ọ̀gá ń dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ ṣe sùúrù fún wa, bọ̀ọ̀dá. Ẹ ó gbádùn rẹ̀.”

Nígbà tí òórùn tán, mo rẹ sáńpépà 1000 sínú omi ọṣẹ, mo fi gbo jìtá náà títí gbogbo ara rẹ̀ fi ṣú dọ́gba, láìsí ibi kan tó ń dán. Mo ṣọ́ra létí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù, ìgbá méjì ló sì ń gbé igi jáde. Mo lọ sí 1500, mo lọ sí 2000, mo wá fi kọ́ńpáùǹdì àti aṣọ rírọ̀ dá dídán rẹ̀ padà. Mo fi orí bíléèdì ha ẹnu ihò ìdè kọ̀ọ̀kan, kí ìdè má baà ta ọ̀dà bó bá ń wọlé, mo sì to gbogbo rẹ̀ padà bí mo ṣe yà á. Ọ̀gá gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Kò mú chalk jáde.

A sọ òtítọ́ fún ẹni tó ni ín kó tó gbé e lọ. A ní funfun NC á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bí funfun Fender àtijọ́ ṣe pọ́n. A ní kó fi aṣọ wé rọ́bà ara igi tó ń gbé jìtá dúró, torí rọ́bà máa ń jẹ lákà. Ó fi okùn sí i níbẹ̀, ó tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó sì lù ú fún wa. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn oníjìtá mìíràn ti ń wá mi wá.

Mo ti gba fúrídọ́ọ̀mù, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, àwọn ọmọṣẹ́ mi náà sì ń tú omi inú táǹkì láràárọ̀. Iṣẹ́ kan wà tí mo ṣì ń kọ́: àwọ̀ bí oòrùn, tó pọ́n láàárín tó sì dúdú létí, èyí tí Stratocaster àkọ́kọ́ fi jáde. Kò gbọdọ̀ sí ibi tí ojú máa tọ́ka sí pé ìhín ni àwọ̀ kan parí, ọ̀hún ni èkejì bẹ̀rẹ̀. Orí pákó àfàrà ni mo ti ń dánra wò. Ọ̀gá mi ti dàgbà, àmọ́ bó bá yà sọ́dọ̀ mi, mo máa ń gbé pákó náà fún un, á dijú, á gbá a wò, á sì sọ ibi tó kù sí fún mi. Èmi náà á padà sórí sáńpépà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi pé àwọ̀ rere ti ń bẹ̀rẹ̀.